Ṣé o mọ̀? Ìwádìí Lórí Bárakú Tó Dé Àpérò, Tí Kò Dé Inú Ìwé

Ṣé o mọ̀ pé ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Dallas ni àwọn dókítà tó ń tọ́jú àwọn tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún ti ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn? Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní American Society of Addiction Medicine ló pè wọ́n jọ, ìgbà karùndínlọ́gọ́ta tí irú rẹ̀ ń wáyé sì nìyẹn. Ẹni tó bá ti dé irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí mọ bó ṣe máa ń rí. Gbọ̀ngàn ńlá, pátákó lọ́tùn-ún, pátákó lósì, pósítà gbàgùdù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà á dúró tì í bí ìyálọ́jà tó dúró ti igbá rẹ̀, á máa ṣàlàyé fún ẹni tó bá yà sí i: oògùn tí a lò nìyí, iye ènìyàn tí a fún nìyí, ohun tí a rí nìyí. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gba nọ́ńbà ara wọn. Nígbà tí ìpàdé bá tú, wọ́n á ká pósítà, wọ́n á kì í bọ inú ike rẹ̀, ó di pápá ọkọ̀ òfurufú.

Ibo ni iṣẹ́ náà wá ń gbà lọ? Nọ́ọ̀sì tó wà ní Ìbàdàn kò sí nínú gbọ̀ngàn yẹn. Dókítà tó wà ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Àrò kò sí níbẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń mu kodíìnì ní Mushin kò tilẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ṣe ìpàdé. Ohun tó lè dé ọ̀dọ̀ wọn ni èyí tí wọ́n bá kọ ní kíkún, tí àwọn akẹgbẹ́ yẹ̀ wò fínnífínní, tí jọ́nà sì tẹ̀ jáde. Ìwádìí tí kò bá dé ibẹ̀, àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà nìkan ló ni ín.

Ṣé o mọ̀ pé ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà fi ń wọ àpérò? Àṣamọ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé wa ń pè é. Kì í sábà ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 300 lọ. Àwọn tó ń yan iṣẹ́ fún àpérò kò rí ju ìyẹn náà lọ: wọn kò rí tábìlì èsì, wọn kò rí iye ènìyàn tó sá kúrò nínú ìwádìí kó tó parí, wọn kò rí ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn aláìsàn. Nígbà mìíràn, ẹni tó kọ ọ́ kò tíì ka èsì tán nígbà tó fi ránṣẹ́. Ní jọ́nà, ọ̀tọ̀ ni ti ibẹ̀. Ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ náà dunjú á jókòó tì í, wọ́n á béèrè ìdí tí o fi ṣe báyìí, ìdí tí o kò fi ṣe bí ọ̀hún, wọ́n á sì dá a padà fún ọ láti tún un ṣe. Ìṣòro wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àròjinlẹ̀ wà.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan ti fi ọwọ́ ka iye ìwádìí lórí bárakú tó ń ti àpérò dé inú ìwé? Àwọn onímọ̀ ní Róòmù, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ló ṣe é. Àpérò tí wọ́n yàn ni ti College on Problems of Drug Dependence, ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1929, tó sì jẹ́ pé ìpàdé ọdọọdún rẹ̀ ni wọ́n kà sí àgbà láàárín àwọn tó ń ṣèwádìí lórí oògùn olóró. Wọ́n kó àṣamọ̀ gbogbo láti 1993 dé 2002 jọ. 5,919 ni. Wọ́n ṣà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì yọ àwọn tó jẹ́ pé wọ́n dán ìtọ́jú tàbí ìdènà wò lára ènìyàn, tí wọ́n fi ọ̀wọ́ kan wé ọ̀wọ́ kejì. 581 péré ló kù lọ́wọ́ wọn. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo rẹ̀, èyí nìkan tó ohun tí à á fi ṣe háà: nínú àpérò ńlá lórí bárakú, ìwádìí tó sọ fún dókítà ní tààràtà pé "ìtọ́jú yìí dára ju ìyẹn lọ" kò pọ̀ rárá.

Wọ́n wá mú orúkọ ìwádìí 581 yìí, wọ́n ń wá wọn kiri nínú àkójọ àwọn jọ́nà ìṣègùn títí di oṣù kẹta ọdún 2006. 359 ni wọ́n rí. Ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Èyí tó jáde, ó gbà tó ọdún méjì ààbọ̀ ó lé díẹ̀ kó tó jáde: 2.6 ọdún ni ìpíndọ́gba. 222 yòókù kò sí níbì kankan tí wọ́n wò.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló ń dà mí láàmú. Ohun tó wà nínú 222 náà ni. Àwọn ará Róòmù pín àwọn ìwádìí náà gẹ́gẹ́ bí èsì wọn ti rí. Nínú àwọn tó sọ pé ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́, ìdá 74.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló di àpilẹ̀kọ. Nínú àwọn tó sọ pé kò sí ìyàtọ̀, tàbí pé ó tilẹ̀ burú sí i, ìdá 47.1 ni. Àwọn tó wá sí àpérò láìní èsì kankan lọ́wọ́, ìdá 38.6. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ tán, àǹfààní tí ìwádìí tí èsì rẹ̀ kò dára ní láti di ohun tí ayé lè kà kéré gan-an sí ti èyí tí èsì rẹ̀ dára.

Wò ó báyìí. Ká ní ogún ìwádìí ni wọ́n ṣe lórí oògùn kan, ó ṣiṣẹ́ nínú mẹ́wàá, kò ṣiṣẹ́ nínú mẹ́wàá. Ọ̀mì ni. Bó bá jẹ́ bí ti àwọn tí wọ́n kà ní Róòmù yẹn ni, méje sí mẹ́jọ nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ ló máa dé inú jọ́nà, mẹ́rin sí márùn-ún nínú àwọn tí kò ṣiṣẹ́. Dókítà tó bá jókòó tó ka gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ á dìde, á ní oògùn náà borí. Kò purọ́, àwọn tó kọ̀wé náà kò purọ́. Síbẹ̀, aláìsàn tó jókòó níwájú rẹ̀ yóò gbé oògùn tí kò ju ọ̀mì lọ lọ sílé, owó ilé rẹ̀ á bá a lọ, ìrètí ìyàwó rẹ̀ náà á bá a lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí ẹni tó jìn bá gùnkè, tó gbọn aṣọ rẹ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ láì sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ni ará yòókù fẹ́ fi kọ́gbọ́n?

Ṣé o mọ̀ pé bárakú nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí bá? Roberta Scherer, ti Yunifásítì Johns Hopkins, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lépa ìbéèrè kan náà jákèjádò ìmọ̀ ìṣègùn fún ọgbọ̀n ọdún. Àkójọ wọn tí àjọ Cochrane tẹ̀ jáde ní 2018 ló tóbi jù: àṣamọ̀ 307,028, láti inú ìròyìn 425. Ìdá 37.3 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló di àpilẹ̀kọ kíkún. Má ṣe yára sọ pé 62 ti bárakú wá dára ju ti gbogbo ayé lọ o. Ìwádìí tí wọ́n fi kèké pín ènìyàn sí ọ̀wọ́, tàbí èyí tó sún mọ́ ọn, ni àwọn ará Róòmù kà, irú ìyẹn sì máa ń jáde ju yòókù lọ níbi gbogbo. Nínú àkójọ Scherer pàápàá, ti irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ sún mọ́ 60. Bákan náà ni ọmọ ṣe orí.

Nínú àkójọ yìí kan náà, iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ẹni tó ṣe é gun orí pèpéle sọ máa ń jáde ju èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó. Iṣẹ́ tí èsì rẹ̀ dùn ún gbọ́ tún ń jáde ju èyí tí èsì rẹ̀ korò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìṣègùn ni kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé o mọ ohun tí àwọn tí kò tẹ iṣẹ́ wọn jáde sọ nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé kí ló dé? Ọ̀pọ̀ á rò pé àwọn olóòtú jọ́nà ló kọ̀ ọ́. Scherer àti àwọn tiẹ̀ kó ìdáhùn àwọn aṣèwádìí jọ ní 2015, èyí tó gba iwájú ni pé: a kò ráyè. Mo gbà wọ́n gbọ́. Owó ìwádìí ti tán, akẹ́kọ̀ọ́ tó ka èsì ti gboyè ó ti lọ sí ìlú mìíràn, ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun tí owó tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀. Àìráyè náà kàn máa ń pọ̀ sí i bí èsì kò bá dùn. Ta ló fẹ́ fi ìsinmi ọdún rẹ̀ kọ ìtàn oògùn tí kò ṣiṣẹ́?

Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá ti sọ ọ́ ní àpérò, jọ́nà kò ní gbà á mọ́. Òótọ́ ni pé láti ọdún 1969, Franz Ingelfinger, olóòtú New England Journal of Medicine, ti fi òfin lélẹ̀ pé òun kò tẹ ohun tí wọ́n ti tẹ̀ níbòmíràn. Àpérò kò sí nínú ẹjọ́ yẹn. Àṣamọ̀ kò ba nǹkan jẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ Dallas níbẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ́ ilé ìwòsàn rẹ̀ kejì fún àwọn tí oògùn olóró di bárakú fún? Fort Worth ni, nǹkan bí 50 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn. Ọdún 1938 ni wọ́n ṣí i. Àkọ́kọ́, tó wà ní Lexington ní Kentucky, ti ṣí ní 1935. Oko ni wọ́n pè é, Narcotic Farm, nítorí pé àwọn aláìsàn ń dáko níbẹ̀, wọ́n ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn. Ẹlẹ́wọ̀n wà níbẹ̀, ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá náà wà níbẹ̀. Lónìí, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ ló wà nínú ọgbà ti Fort Worth.

Fort Worth yìí kan náà ni Saul Sells àti Dwayne Simpson ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Texas Christian. Láti 1969 dé 1973, wọ́n gba àkọsílẹ̀ nǹkan bí 44,000 ènìyàn tó wọ ibùdó ìtọ́jú oògùn olóró ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń tọ ipasẹ̀ àwọn kan nínú wọn kiri fún ọdún méjìlá. Wọn kò jókòó lé e. Àpilẹ̀kọ lórí àpilẹ̀kọ ni wọ́n kọ, wọ́n kọ ìwé ńlá pẹ̀lú. Nínú àwọn àpilẹ̀kọ wọ̀nyẹn ni ayé ti kọ́ pé ẹni tí kò bá lo tó oṣù mẹ́ta nínú ìtọ́jú, èrè rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó ṣe ń pẹ́ sí i ló ń sàn sí i. Bí o bá rí ibùdó ìtọ́jú kan lónìí tó ń sọ fún ẹbí pé "ẹ má ṣe mú un lọ sílé kí oṣù mẹ́ta tó pé", Fort Worth ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbí. Ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá ń lò, bárakú, ohun tó bá ara kú ni: ó wọ ara, ó di ọjọ́ ikú. Mo mọ ìdí tí àwọn tó ṣáájú wa fi pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n ti rí ọ̀mùtí tó kú sídìí agbè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Sells àti Simpson fi hàn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn bọ́ nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ṣe ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí iṣẹ́ wọn bá ti parí sí ara pátákó ní àpérò kan, orúkọ yẹn nìkan ni à bá ní lọ́wọ́.

Ṣé o mọ̀ pé Dallas ni wọ́n ti darí ọ̀kan nínú ìwádìí tó lórúkọ jù lórí methamphetamine, èyí tí àwọn ọmọ ìgboro ní Nàìjíríà ń pè ní ice tàbí mkpuru mmiri? Madhukar Trivedi, oníṣègùn ọpọlọ ní UT Southwestern Medical Center, ló ṣáájú rẹ̀. Kò sí oògùn tí àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní pàtó fún ẹni tí èyí di bárakú fún, torí náà wọ́n mú oògùn méjì tó ti wà nílẹ̀ fún àìsàn mìíràn: abẹ́rẹ́ naltrexone ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, àti oògùn oníhóró bupropion lójoojúmọ́. Àwọn kan gba ojúlówó, àwọn kan gba èyí tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, kèké ló pín wọn. Ènìyàn 403 ló wọ inú ìwádìí náà láàárín 2017 sí 2019, wọ́n sì ń yẹ ìtọ̀ wọn wò déédéé. Ìdá 13.6 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó gba ojúlówó ló jáwọ́ dé ibi tí ìwádìí náà fẹ́, ìdá 2.5 lára àwọn yòókù. Ó jáde nínú New England Journal of Medicine ní oṣù kìíní ọdún 2021. 13.6 kò pọ̀, ká sọ òótọ́. Fún ẹni tí kò ní oògùn kankan tẹ́lẹ̀, kì í ṣe kékeré.

Ìyẹn ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni èkejì. Kó tó di ìgbà náà, Trivedi ti darí ìwádìí mìíràn tí wọ́n pè ní STRIDE. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá eré ìdárayá alágbára, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, lè ran ẹni tó ń bọ́ lọ́wọ́ kokéènì àti irú rẹ̀ lọ́wọ́ kó má padà sídìí rẹ̀. Ènìyàn 302 ló kópa ní ibùdó ìtọ́jú mẹ́sàn-án. Èrò tó dùn mọ́ni ni: kò ná owó oògùn, kò ní májèlé, àwọn pásítọ̀ àti olùkọ́ ì bá fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èsì, àwọn tó sáré kò yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n kàn fún ní ẹ̀kọ́ nípa ìlera. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì jáde nínú Journal of Clinical Psychiatry ní 2017.

Kí ló mú èyí jáde, tí ti ẹlòmíràn fi sùn sínú àpótí? Ìwà rere wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ètò náà wà níbẹ̀. Ní 2011, ọdún mẹ́fà kí èsì tó jáde, wọ́n ti tẹ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe jáde nínú jọ́nà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Trials. Wọ́n ti fi orúkọ ìwádìí náà sílẹ̀ ní gbangba pẹ̀lú. Gbogbo ayé ti mọ̀ pé wọ́n wọ oko, wọ́n á béèrè ìkórè.

Ṣé o mọ̀ pé ìwọ náà lè béèrè? Láti ọdún 2000 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ClinicalTrials.gov, tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2004, àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn ńláńlá fẹnu kò pé ìwádìí tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó gba aláìsàn àkọ́kọ́, àwọn kò ní tẹ̀ ẹ́. Ní 2007, òfin wá dé: ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí oògùn gbọ́dọ̀ gbé èsì wọn síbẹ̀ láàárín ọdún kan tí wọ́n bá parí, ì báà dùn, ì báà korò. Gbogbo ìwádìí 581 tí wọ́n kà ní Róòmù ti dé àpérò kí òfin yìí tó wà. Òfin náà kò kan àwọn ìwádìí tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n fi ṣe ìtọ́jú bó ti kan oògùn, ibẹ̀ sì ṣì jẹ́ ihò fún ìmọ̀ nípa bárakú, nítorí pé ìgbaninímọ̀ràn àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pọ̀ nínú ìtọ́jú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àjálù máa ń sáré ju jọ́nà lọ? Láti nǹkan bí 2005, àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Dallas bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyẹ̀fun kan símú tí wọ́n ń pè ní "cheese". Hẹ́róìnì dúdú láti Mẹ́síkò ni, tí wọ́n pò mọ́ oògùn oorun tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ilé ìtajà. Ó rọ̀ lówó, dọ́là díẹ̀ ni. Àwọn tó kú nínú wọn kò tíì pé ogún ọdún. Ọlọ́pàá ilé-ìwé, àwọn òbí àti àwọn dókítà yàrá pàjáwìrì ló kọ́kọ́ mọ̀. Àpilẹ̀kọ tí Jane Carlisle Maxwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ lórí rẹ̀ nínú Drug and Alcohol Dependence, 2012 ló jáde. Èmi kò fi ẹ̀sùn kàn wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ dáadáa gbọ́dọ̀ dúró de àkọsílẹ̀ òkú, àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ bá tún yọjú ní ìlú mìíràn, ìwé 2012 yẹn ni ẹni tí kò gbé Dallas rí lè mú lọ́wọ́.

Ṣé o mọ̀ pé lẹ́tà kan tí kò ju gbólóhùn márùn-ún lọ ti rìn jìnnà ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwádìí lọ? Ní oṣù kìíní ọdún 1980, Jane Porter àti Hershel Jick kọ lẹ́tà sí New England Journal of Medicine. Wọ́n ní nínú aláìsàn 11,882 tó gba oògùn apàrora irú mọ́fíìnì ní ilé ìwòsàn, mẹ́rin péré nínú àwọn tí kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló hàn gbangba pé ó di bárakú fún. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni gbogbo àwọn ènìyàn yẹn wà, nọ́ọ̀sì ló ń fún wọn lóògùn. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi lẹ́tà náà jẹ́rìí pé ènìyàn lè gbé oògùn bẹ́ẹ̀ lọ sílé, kó máa lò ó fún oṣù púpọ̀ láìséwu. Ní 2017, àwọn onímọ̀ kan ní Kánádà ka iye ìgbà tí wọ́n ti tọ́ka sí i: 608. Mọ́kànlélọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó tọ́ka sí i kò sọ pé inú ilé ìwòsàn ni àwọn aláìsàn náà wà. Ìwọ ro iye ẹbí tó ti sin ọmọ nítorí oògùn apàrora ní Amẹ́ríkà láti ìgbà náà.

Mo fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ 222 ti Róòmù nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Lẹ́tà kékeré tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ gbọ́ gba ìyẹ́ ó fò. Ìwádìí tó gba ọdún, tó gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ènìyàn, tí kò sọ ohun dídùn, jókòó sílé.

Ṣé o mọ̀ pé àwa náà ti ní àpérò tiwa kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó délé ayé? Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti gbogbo Áfíríkà pàdé ní Abẹ́òkúta. Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tó sọ ilé ìwòsàn Àrò di ibi tí ayé ń wá wò, ló gbà wọ́n lálejò. Wọn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tú ká: ọdún tó tẹ̀ lé e ni Lambo tẹ ìjíròrò wọn jáde ní ìwé. Tolani Asuni, òun náà ní Àrò, kọ àpilẹ̀kọ lórí igbó ní Nàìjíríà sínú Bulletin on Narcotics, ìwé àtìgbàdégbà àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ní 1964. Lambo kọ tirẹ̀ sínú rẹ̀ ní 1965, lórí oògùn olóró ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 1989, Moruf Adelekan kọ sínú rẹ̀ nípa àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Ìpínlẹ̀ Ògùn àti oògùn tí wọ́n ń lò. Àpilẹ̀kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí igbó ṣe rí ní Nàìjíríà kí ogun abẹ́lé tó dé, Asuni ń dúró dè é.

Láti ọdún 2000, a ní jọ́nà tiwa, African Journal of Drug and Alcohol Studies, tí Isidore Obot dá sílẹ̀ pẹ̀lú ilé ìwádìí CRISA. A sì ní ohun púpọ̀ láti kọ. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní 2018 rí i pé ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, àti pé ìhà Gúúsù-Ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ Yorùbá, ló pọ̀ jù: ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Èkó nìkan jẹ́ 33. Ìdá kan nínú mẹ́ta.

Pẹ̀lú iye yìí, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí tírámádọ́ọ̀lù, lórí kodíìnì, lórí kọ́lọ̀, wà nínú yàrá ìkàwé àwọn yunifásítì wa, eruku ń bò wọ́n. Àwọn kan nínú wọn ti dé àpérò. Mo mọ ohun tó ń dá wọn dúró: owó tí jọ́nà mìíràn ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó kọ̀wé, iná tó ń lọ, ọ̀gá tí kò dáhùn. Mo tún mọ̀ pé kò sí ará Róòmù tó lè bá wa ka ohun tí a kò kọ.

Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní Dallas, ní Garland, ní Mesquite, ní Arlington: nọ́ọ̀sì, apòògùn, dókítà, àwọn tó ń ṣe oyè ìjìnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti dúró ti pósítà rí. Bí o bá wà lára wọn, tí ìwádìí kan wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ tó sọ pé ohun tí ẹ dán wò kò ṣiṣẹ́, jọ̀wọ́ mú un jáde. Bí ọ̀gá rẹ bá ti fi ibẹ̀ sílẹ̀, kọ̀wé sí i. Bí o bá jẹ́ ẹni tí wọ́n dán oògùn wò lára rẹ̀, o ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni ẹ rí, ibo ni ẹ kọ ọ́ sí. Àwọn 222 yẹn ti lé ní ogún ọdún báyìí. Ẹni tó kọ ọ̀kan nínú wọn ṣì lè wà láyé, ó lè wà ní ìlú tí o wà. Bí o bá mọ̀ ọ́n, sọ fún un pé a ṣì ń retí rẹ̀.